Ìdajì Ìjì Tí Kò Dé Múṣin

Níbi ìsìnkú, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ló ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá, pé wọn kì í bínú, pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo wòkè, mo wolẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bàbá wo? Bàbá àgbà tèmi tó bá onílé fa ọ̀rọ̀ nítorí ìṣó páànù? Bàbá tó lé tísà kúrò lójúde nítorí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́? Màmá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi pé kí n pa ẹnu mi mọ́, mo sì pa á mọ́ nítorí tiwọn.

Bàbá ti wà nílẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ládùúgbò wa ní Múṣin, orúkọ kan ni wọ́n fi ń pè wọ́n lẹ́yìn: Bàbá tó tìlẹ̀kùn mọ́ ìyàwó. Òótọ́ ni. Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ìyá àgbà mi, ìyá àgbà mi sì kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ìyẹn tó dákẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìjẹ̀bú ni Bàbá, láti abúlé kan létí ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń la òkun kọjá ni wọ́n fi ṣe ilé. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ wọn wà, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, tí wọ́n ń kó èédú sínú iná. Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn ló jẹ etí wọn. Nígbà tí mo gbọ́njú, téèyàn ò bá dúró síwájú wọn kó pariwo, ọ̀rọ̀ ò ní wọlé. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé rédíò lórí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n á di ojú. Ìyá àgbà á ní, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé ara rédíò gbóná ni?" Bàbá ò ní gbọ́. Dúpẹ́ tí wọ́n fi ń pe Bàbá yẹn, màmá mi ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ara wọn ò kúrò nínú ọkọ̀. Wọ́n ń ya ẹsẹ̀ rìn. Kò sí kọ́ọ̀bù tó gbọ́dọ̀ wà létí tábìlì, orí ìṣó ni gbogbo kọ́ọ̀bù wa máa ń fi ọwọ́ kọ́ sí. Wọ́n fi okùn so àpótí aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Lórí páànù ilé, wọ́n kó táyà àlòkù sí i, wọ́n tún kó òkúta sí i, wọ́n wá ń kan ìṣó mọ́ ọn lọ́dọọdún títí onílé fi sọ pé ilé òun ti ń jò nítorí ìṣó. Ìjà yẹn le. Onílé ní Múṣin nilé wà, kì í ṣe orí òkun. Bàbá ní ṣé onílé fẹ́ kí páànù òun fò lọ sí Súrùlérè ni? Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń so gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ báyìí, wọ́n ní, "So tìẹ náà mọ́lẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. O ò tíì rí i kí ilẹ̀ máa dìde."

Tí wọ́n bá fẹ́ gbóòórùn òkun, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé Costain, wọ́n á gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìjọra. Ìgbà yẹn, owó epo ń wọ ìlú, gbogbo èèyàn ń kọ́lé, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì wá sì tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun, tí wọ́n ń dúró de àyè. Bàbá á padà wálé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, inú wọn á dùn. Ìyá àgbà á béèrè pé kí ni wọ́n lọ ṣe. "Mo lọ kí wọn," ni Bàbá á sọ.

Ìyá àgbà ń ta aṣọ ní ọjà Tẹ́júoṣó. Ẹlẹ́nu ṣámúṣámú ni wọ́n, ẹ̀rù Bàbá ò bà wọ́n rárá. Tí oṣù òjò bá ti ń wọlé, tí ojú ọ̀run bá dúdú díẹ̀ báyìí ní ìlà oòrùn, Bàbá á ti gbogbo fèrèsé pa, wọ́n á fi irin dábùú ilẹ̀kùn, ooru á wá mú gbogbo wa nínú yàrá. Ìyá á máa fi gèlè fẹ́ ara wọn, wọ́n á máa pariwo sí etí ọkọ wọn: "Ṣé ẹ fẹ́ sè wá jẹ ni? Ẹ ṣílẹ̀kùn jàre!" Bàbá á mi orí. Wọ́n á ní, "Fara dà á, Ìyá Dúpẹ́. Èèyàn tó ń làágùn kò tíì kú."

Ẹ má rò pé òpè ni wọ́n o. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bàbá mọ ìjì, wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ọjọ́ kan tí mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, tí mo ti po omi búlúù sínú báàfù, wọ́n wá jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Àwọn ìjì ńlá tó ń fọ́ ìlú lókè òkun, ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ adúláwọ̀ wa yìí ni wọ́n ti ń gbéra?" Mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní òótọ́ ni. Òjò àti àrá máa ń tẹ̀lé ara wọn láti ìlà oòrùn, wọ́n á la ilẹ̀ wa kọjá lọ sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n á kọjá Dàkà, ìlú tó wà létí òkun lọ́hùn-ún, wọ́n á bọ́ sórí omi. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá bá omi gbígbóná pàdé, tí afẹ́fẹ́ òkè ò sì yọ ọ́ lẹ́nu, ìyẹn ti rí oúnjẹ. Ooru omi á gbéra sókè, á di kùrukùru, á di òjò, ooru tó wà nínú rẹ̀ á tú jáde lókè lọ́hùn-ún, á tún fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé láti gbogbo igun. Afẹ́fẹ́ yẹn ò ní wọlé tààrà, nítorí pé ayé fúnra rẹ̀ ń yí. Á máa yípo. Bó ṣe ń yípo tó ni á máa fa ooru omi sí i.

Bàbá ki ọwọ́ bọ omi búlúù mi, wọ́n rò ó po. Àárín omi náà jìn sílẹ̀. "Wò ó. Ojú rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n ní ní àárín ìjì, afẹ́fẹ́ máa ń wálẹ̀ láti òkè, kùrukùru á tú ká, oòrùn á ràn. Ṣùgbọ́n kùrukùru á dúró yí ojú náà po bí ògiri, ara ògiri yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ ti le jù. Tó o bá wà nínú ojú, ògiri kan ti gbá ọ kọjá, òmíràn ń bọ̀, láti òdìkejì ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì ti fẹ́ wá.

Mo bi wọ́n pé ṣé tiwa ní Èkó náà lójú. Bàbá rẹ́rìn-ín mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí ìdáhùn yìí. Wọ́n ní, "Tiwa ò lójú. A sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì jù, yíyí ayé ò lágbára tó níbí láti yí i. Á kàn kọjá gbọọrọ ni. Afẹ́fẹ́, òjò, ó tán."

Ẹ̀kọ́ kejì, ọjà ni wọ́n ti kọ́ mi. Wọ́n bá mi lọ ran Ìyá lọ́wọ́ ní Tẹ́júoṣó lọ́jọ́ kan tí ẹrù pọ̀. Inú ọjà lọ́hùn-ún ni ìsọ̀ Ìyá wà. Ìgbà yẹn, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ aṣọ sílẹ̀ létí títì, oníbàárà á ti ra ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ wọn kó tó wọ inú ọjà. Ìyá ń ráhùn, wọ́n ń ṣépè fún gbogbo àwọn tó wà níta. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ìjì ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn! Pé tó bá ti lágbára tán, òjò mìíràn lè tò yí ògiri àkọ́kọ́ po láti ìta. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó yẹ kó wọlé lọ bọ́ ògiri ti inú, ti ìta á ti gbà á. Ebi á pa ti inú, á rọ, á kú. Agbára afẹ́fẹ́ àárín á dín kù díẹ̀, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á máa dúpẹ́. Kò tíì yẹ kí wọ́n dúpẹ́. Ògiri ti ìta á máa sún wọlé díẹ̀díẹ̀, òun ni á di ògiri tuntun. Ojú ìjì á wá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ìjà tó wà lójú kan á ti gba ibi tó pọ̀, agbára rẹ̀ á sì tún padà wá.

Ìyá pòṣé. "Èmi wá ni ògiri tí ebi ń pa, àbí?"

"Ìwọ kọ́ o, ìyàwó mi. Ìjì ni mò ń sọ."

"Ẹ gbé ẹrù yẹn fún mi jàre, ẹ̀yin àti ìjì yín." Ṣùgbọ́n Ìyá ń rẹ́rìn-ín, mo rí i. Nígbà tí à ń padà lọ sílé, Bàbá dá mi dúró nítòsí Ojúẹlẹ́gba, wọ́n ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "Tó bá rọlẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kó o bẹ̀rù rẹ̀."

Tísà kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọmọlúàbí ni, ó sì fẹ́ràn Bàbá. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí Bàbá kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn, Tísà dúró lójúde, ó ń ṣàlàyé fún Ìyá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé irú ìjì tí Bàbá ń sọ kò lè ṣẹlẹ̀ ní Èkó, Ìyá sì pariwo rẹ̀ sí etí Bàbá. Ohun tí Bàbá sọ fún mi nídìí báàfù kọ́ ló ń sọ? Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Àmọ́ Bàbá jáde sí i, ojú wọn pọ́n. Wọ́n lé Tísà dé ẹnu géètì. "Ṣé èmi lò ń sọ ọ́ fún? Èmi tí mo ti wà nínú rẹ̀?" Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí Bàbá mọ̀ lọ́tọ̀, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù lọ́tọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ ti ẹ̀rù náà fún mi. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan, Làmídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n jọ ń kó èédú. Ìjì bá ọkọ̀ wọn lójú òkun. Wọ́n ti ilẹ̀kùn irin pa, ọkọ̀ ń dà sọ́tùn-ún, ó ń dà sósì, èèyàn ń bì, èèyàn ń gbàdúrà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Lójijì, afẹ́fẹ́ dúró. Oòrùn yọ. Àwọn ẹyẹ òkun tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu ń já lulẹ̀ sórí ọkọ̀. Okùn tó so ọkọ̀ kékeré kan mọ́ orí ọkọ̀ wọn ti tú lókè, Làmídì ní òun á sáré lọ so ó. Bàbá ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Wọ́n ṣí i. Làmídì jáde, ó ń fi ẹyẹ kan han Bàbá, ó ń rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ wá láti òdìkejì. Wọn ò rí bàtà Làmídì pàápàá. Ìjì yẹn pẹ́ lórí wọn, ó rọ díẹ̀, ó tún gbóná, ibẹ̀ ni ọ̀gá kan nínú ọkọ̀ ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ògiri méjì fún wọn. Bàbá ò sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ wọn. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo tún ní kó tètè bọ̀."

Ó dára. Mo ti sọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

Ọ̀sán ni, nígbà òjò àkọ́rọ̀. Mo ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Yaba nígbà náà, àmọ́ ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo wà nílé. Èmi àti Bàbá nìkan la wà, màmá mi àti àwọn ayálégbé yòókù wà níbi iṣẹ́, Ìyá wà ní ọjà. Ojú ọ̀run ṣú, Bàbá ti gbogbo fèrèsé, wọ́n fi irin dábùú ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ dé. Kò kéré o, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Páànù ń han, igi ń já, nǹkan ńlá kan wó lójúde, ilẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró, òjò wẹ́wẹ́ ló kù.

Mo wá gbọ́ ohùn Ìyá níta. "Bàbá Dúpẹ́! Bàbá Dúpẹ́ o! Ẹ gbà mí!"

Mo fò dìde. Ìyá ti tètè kúrò lọ́jà nítorí òjò, afẹ́fẹ́ ká wọn mọ́ ojúde wa, wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tuntun tí aládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, bíríkì tí iyanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ. Ògiri náà wó lù wọ́n. Mi ò tíì mọ gbogbo ìyẹn nígbà náà, ohùn ni mo gbọ́. Mo sáré sí ilẹ̀kùn. Bàbá ti dúró níbẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn tì í.

Mo pariwo sí etí wọn: "Ìyá ń pè! Ìyá wà níta!"

"Afẹ́fẹ́ ni. Ọjà ni ìyá rẹ wà."

"Mo gbọ́ ohùn wọn, Bàbá! Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè!"

"Ìdajì nìyí. Ìdajì kejì ń bọ̀. Jókòó!"

Mo bá wọn jà. Mo fà wọ́n ní ẹ̀wù, ẹ̀wù ya. Mo bu ọwọ́ wọn jẹ. Apá tó kó èédú fún gbogbo ọdún yẹn ni, ibà sì ti tán mi lókun. Wọ́n dì mí mú mọ́ àyà, wọ́n ń sọ ọ́ léraléra pé, "Mi ò ní ṣí i fún ọ. Ìwọ ò ní lọ." Ìyá pè títí, ohùn náà lọ sílẹ̀, kò wá ju ìkérora lọ, ó dákẹ́. À ń dúró de ìdajì kejì. Bàbá tó kọ́ mi pé ìjì Èkó ò lójú ló wá gbà pé inú ojú ìjì la wà ní Múṣin, tí wọ́n dì mí mú, tí ọkàn wọn ń lù kì-kì-kì sí mi létí.

Ìdajì kejì kò dé. Àwọn èèyàn ló dé. Tísà ló kọ́kọ́ rí aṣọ Ìyá lábẹ́ bíríkì, òun àti káfíńtà kan ló hú wọn jáde. Wọ́n ṣì ń mí. Wọ́n gbé wọn sínú mọ́tò, wọn ò tíì dé Yaba tí Ìyá fi kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dà lọ, pé ká ní wọ́n tètè yọ wọ́n ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kó bíríkì, Bàbá dúró nínú òjò pẹ̀lú ẹ̀wù yíya, wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n ń wo ọ̀run.

Màmá mi ò bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń se oúnjẹ fún Bàbá, wọ́n ń fọ aṣọ wọn, wọ́n á gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n á jáde. Bàbá náà yọ ìṣó, wọ́n kó táyà kúrò lórí páànù. Nígbà òjò, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, omi á wọ yàrá, á dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìjì mọ́. Èmi ń bínú sí wọn, mo ṣì ń bínú. Mo tún fẹ́ràn wọn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe méjèèjì pa pọ̀, kó wá kọ́ mi.

Àárín ọ̀yẹ́ ni àìsàn tó mú wọn lọ dá wọn dùbúlẹ̀. Ọ̀sán kan, kò sí afẹ́fẹ́ rárá, màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lójúde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi ń fi omi ra ètè Bàbá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Àbẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ìyá rẹ pè mí lóòótọ́, àbí afẹ́fẹ́ ni?"

Láti ọjọ́ tí Ìyá ti kú ni mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn. Mo ti ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu, mo ti pọ́n ọn títí ó fi mú. Mo wá wo ojú wọn, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá." Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Irọ́ tó yẹ kéèyàn sọ wẹ́rẹ́, mo ní láti pariwo rẹ̀ sí etí wọn, gbogbo ilé ń gbọ́: "Afẹ́fẹ́ ni! Wọn ò pè yín!"

Bàbá ń wo ẹnu mi. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó pè mí," ni wọ́n sọ, wọ́n sì yí ojú sí ògiri.

Màmá mi dìde lójúde, ẹ̀wà dà sílẹ̀. Wọ́n wọlé, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ẹsẹ̀ bàbá wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní, "Dúpẹ́ nìyí, Bàbá." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, Bàbá ò gbọ́.